Àtẹ̀jáde Tí Kò Sí Ìjà Nínú Rẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún òrìṣà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi mí pé kí ni ó kan onísẹ̀ṣe nínú ìwé àwòrán tí àwọn ọmọdé ń kà. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ bá mi lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Tankẹ, iná ti lọ láti ọ̀sán, ẹ̀rọ amúnáwá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yí wa ká sì ń dún bí ẹni pé wọ́n ń figagbága. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ mi, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka ìwé lórí fóònù rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó pòṣé. Ó tún pòṣé lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Bàbá Kékeré, ìwé yìí ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, wọ́n ju ènìyàn láti ojú fèrèsé, wọ́n sì ń wá ẹni tí ó jù ú. Mo dé apá kẹrin, ọkùnrin kan jókòó sórí òkúta, ó ń wo fọ́tò. Bí ó ṣe jókòó náà nìyẹn. Ó ń fà bí ìgbín."

Mo ní kí ó gbé fóònù náà wá. Ìgbà tí mo máa fi dá a padà fún un, bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó sì ń bínú sí mi. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wà láàárín èmi àti òun, òun ni mo sì ń gbé wá síwájú yín.

Watchmen ni orúkọ ìwé náà. Apá 12 ni, ilé iṣẹ́ DC ní Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọdún 1986 sí 1987. Alan Moore ni ó kọ ọ́, Dave Gibbons ni ó yà á, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì. Oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni wọ́n kọ sára apá kẹrin, èyí tí ọmọ mi ń pòṣé sí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́njú nígbà náà yóò rántí pé oṣù yẹn gan-an ni Wọlé Ṣóyínká, ọmọlẹ́yìn Ògún, gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm. Bóyá kò kan ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò lè rí déètì náà kí n má rántí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mo ń rò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọwọ́ Gibbons ti kọ́kọ́ kàn wá. Ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́míìkì kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń kó wá tà ní Nàìjíríà níbí. Powerman ni orúkọ rẹ̀. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, agbára rẹ̀ pọ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó lè mú un ni oró ejò. Gibbons àti Brian Bolland ni wọ́n ń gbà á yà fún ara wọn, bí ẹnì kan bá ya èyí, ẹnì kejì á ya èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀dà kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a sì máa ń fi garawa omi san owó kí ó tó gbà wá láàyè láti kà á. Ẹ̀ṣẹ́ ni a ń wá nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ náà ni a sì ń rí. Ọwọ́ kan náà tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ bọ́ wa nígbà náà ni ó wá ya ọkùnrin tí ó jókòó sórí òkúta, nígbà tí ọdún bí mọ́kànlá ti kọjá.

Ìtàn apá kẹrin náà kò gùn. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Jon Osterman. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe, ọmọ náà sì fẹ́ jogún iṣẹ́ ọ̀hún. Ní ọdún 1945, nígbà tí bàbá ka ìròyìn bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima, ó kó gbogbo irin wẹ́wẹ́ inú aago tí ọmọ ń tún tò lọ́wọ́, ó dà wọ́n sóde láti ojú fèrèsé, ó ní ayé ti yí padà, kí ọmọ lọ kọ́ ìmọ̀ átọ̀mù. Ọmọ gbọ́ràn. Ní ọdún 1959, ó padà sínú yàrá ìwádìí nítorí aago ọwọ́ obìnrin kan tí ó fẹ́ràn, aago tí ó tún ṣe fún un tí ó sì gbàgbé síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn, ẹ̀rọ tí ó wà nínú yàrá náà sì tú u ká pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún ara rẹ̀ tò bí ẹni ń to aago: iṣan kọ́kọ́ fara hàn, egungun tẹ̀lé e, awọ ara dé gbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni àná, òní àti ọ̀la ti di ọ̀kan ṣoṣo lójú rẹ̀.

Nígbà tí apá kẹrin bẹ̀rẹ̀, ọdún 1985 ni, ọkùnrin yìí sì ti sá kúrò láàárín ènìyàn lọ sí orí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, níbi tí kò sí nǹkankan bí kò ṣe yanrìn pupa. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti obìnrin yẹn ni ó wà nínú rẹ̀, ọdún 1959 ni wọ́n sì yà á. Ó wò ó, ó sì jẹ́ kí ó bọ́ sínú yanrìn. Nínú àpótí àwòrán kan fọ́tò náà ti wà nílẹ̀, nínú èyí tí ó tẹ̀lé e ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ewé ni Gibbons pín sí àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta lórí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni a ń bọ́ láti ọdún 1985 sí 1959, láti 1959 sí 1945, kí a tó tún padà. Kò sí ọkọ̀ kankan tí ó gbé e rin ìrìnàjò inú àkókò. Ibi tí ó wà ni ó jókòó sí, àkókò ni ó ń kọjá lára rẹ̀. Níkẹyìn ó fi yanrìn náà mọ ààfin ńlá kan tí ó rí bí inú aago. Ó parí.

Ọmọ mi ní, "Kí ni ìwúlò agbára rẹ̀ nígbà náà?"

Ìbéèrè gidi ni, òun gan-an ni ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ kọ apá náà. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé wọ́n yóò pa Ààrẹ Kennedy kí wọ́n tó pa á, kò sì dá a dúró. Ó mọ̀ pé òun àti obìnrin inú fọ́tò náà yóò pínyà kí ó tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tí kò rí. Kò sì sí ohun tí ó lè yí padà, nítorí lójú tirẹ̀ ohun gbogbo ti ṣẹlẹ̀ tán. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi sínú apá tí ènìyàn ti ń ju ènìyàn láti ojú fèrèsé. Kò ní sí àyè fún un. Ẹni tí wọ́n ń lé kì í dúró bèèrè bóyá àyànmọ́ ni a fi ń lé òun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa onísẹ̀ṣe. Àwa náà ní ẹni tí ó ń rí ohun gbogbo. Ẹlẹ́rìí Ìpín ni à ń pe Ọ̀rúnmìlà, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí olúkúlùkù ń kúnlẹ̀ yan ìpín tirẹ̀. Bí ìríran nìkan bá ni ọ̀rọ̀ wa, a ò bá jókòó sórí yanrìn pẹ̀lú ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo kí ó lè kàn mọ̀ lásán. Ó ń lọ kí ó lè béèrè pé kí ni kí òun ṣe. Bí Ifá bá ti sọ ohun tí ó rí, yóò sọ ẹbọ tí ó kàn. Lọ́dọ̀ wa, rírí ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dọ̀ Moore, rírí ni òpin rẹ̀. N kò bá a jà, ìwé rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn tiwa, ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ń kà á ní ìdáhùn mìíràn lápò.

Mo sọ ìtàn Afùwàpẹ́ fún ọmọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n, ó wà nínú àwọn ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ láti ìsálọ́run wá sí ayé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tí ń mọ orí, láti yan orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan lọ́nà. Afùwàpẹ́ ní òun kò lè ṣe kí òun má rí bàbá òun. Àwọn méjì yòókù kò dúró dè é.

Àwọn méjì wọ̀nyí ni akọni inú kọ́míìkì. Ẹsẹ̀ wọn yá, wọ́n kọjá gbogbo ènìyàn lọ́nà, wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú orí tí ó wuni lójú. Wọn kò mọ̀ pé orí náà kò jinná. Bí wọ́n ti ń bọ̀, òjò rọ̀, òjò náà sì wọ̀ wọ́n lórí títí orí fi ṣán dànù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, kò sí èrè.

Ẹ wá wo bí ìtàn ṣe fà nígbà tí ó kan Afùwàpẹ́. Ó dé ilé bàbá rẹ̀, ó bá àwọn babaláwo níbẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rú iyọ̀ àti owó. Ó rú u. Wọ́n ní kí ó mú nínú iyọ̀ náà dání, kí ó sì mú nínú owó náà dání. Ó bọ́ sọ́nà. Ó bá oníbodè àgbàlagbà kan tí ó ń se ọbẹ̀, ó rí i pé eérú ni bàbá náà ń dà sínú ọbẹ̀ bí iyọ̀. Ó dúró. Ó bù lára iyọ̀ tirẹ̀ sí i, bàbá tọ́ ọ wò, ẹnu yà á. Bàbá yìí ni ó sọ fún un bí yóò ṣe rí Àjàlá. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá ẹni tí Àjàlá jẹ ní gbèsè tí ó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ti sá gun àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Olówó lọ tán kí Àjàlá tó sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó yan orí tí ó jinná fún un.

Ilé bàbá, ìkòkò ọbẹ̀, ariwo olówó, àgbàlagbà tí ó sá pamọ́ sórí àjà. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bí a bá fún àwọn ọmọ ìwòyí ní ìtàn yìí kí wọ́n yà á, mo bẹ̀rù pé wọ́n yóò fo ìkòkò ọbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìkòkò ọbẹ̀ yẹn ni orí rere Afùwàpẹ́ ti jáde wá.

Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn. Ìwé yàtọ̀." Ó tọ́. Mo sì rán an létí Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, àwọn ọdẹ náà bá oríṣiríṣi ẹbọra jà títí wọ́n fi dé Òkè Lángbòdó. Kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n débẹ̀? Wọ́n jókòó. Ilé Ìrágbèje onílé olójúlé méje ni wọ́n wà fún ọjọ́ méje, tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, gbogbo wa ni a máa ń fo ibẹ̀. Ìdánwò nìkan ni ó mú wa padà síbẹ̀. Àgbà ti dé sí mi báyìí, ìjà Àgbákò ti ń parẹ́ lọ́kàn mi, ilé olójúlé méje ni mo ṣì ń rántí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Inú mi dùn sí ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe. Ní ọdún 2015, Roye Okupe gbé ìwé E.X.O. jáde, ó fi ìtàn náà sí ọdún 2025 nínú ìlú kan tí ó fi Èkó ṣe àwòkọ rẹ̀. Ọdún 2025 ọ̀hún ti dé, èmi kò sì rí aṣọ irin tí ń fò ní Èkó, àfi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òun náà ni ó kọ Iyanu, tí Godwin Akpan yà, tí Dark Horse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ó di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network. Ọmọbìnrin tí a fi orúkọ Yorùbá pè, tí ó ń rìn nínú ilẹ̀ tí a pè ní Yorùbá, lójú gbogbo ayé! Nígbà tí èmi ń ka Powerman, n kò lálàá irú rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń gbé ní àdúgbò yìí kò tíì wọ ojúbọ kankan rí, òbí wọn kò sì ní mú wọn lọ. Orí ìwé tàbí lórí fóònù ni wọ́n yóò ti kọ́kọ́ bá Ṣàngó pàdé. Bí ó bá jẹ́ pé iná ẹnu rẹ̀ àti àrá ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n yóò gbà pé òun náà nìyẹn, ọkùnrin tí ó lágbára ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, tí ó sì gbé e dé Berlin ní ọdún kejì, iná wà nínú eré náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọba tí ọ̀rọ̀ ìjòyè ti sú, tí kò mọ ohun tí yóò fi Gbọ̀nká àti Tìmì ṣe, ni àwọn ènìyàn lọ wò. A rí ìdààmú rẹ̀ kí a tó rí àrá rẹ̀.

Ó sì tún kù ohun kan tí ó jẹ́ ti Ìlọrin nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, bí ọdún eégún bá dé, àwọn ará ọ̀run ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ìlú yín. Ọmọdé a sá, a tún yọjú, yóò sì mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé àná kì í kú pátápátá. Níhìn-ín, àwọn akéwì ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń fi ẹṣin sí ipò eégún nígbà tí wọ́n bá ń ki ìlú. N kò fi sùn ẹnikẹ́ni. Bí ìtàn ṣe tò ó láti ayé Àfọ̀njá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Tankẹ yóò wá ọ̀nà mìíràn tí àná yóò gbà kí i. Mo rò pé ìdí nìyí tí ìtàn ìrìnàjò inú àkókò fi ń wu àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ lè sọ ọ́.

Mo rí i lọ́dọ̀ ọmọ mi. Òun pẹ̀lú ń ya kọ́míìkì, inú ìwé àjákọ ni ó ń yà á sí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi kọ̀ǹpútà kun ún. Ọmọ Tankẹ kan wọ kòròpé ní Típà Gárééjì, ọkọ̀ náà sì já a sílẹ̀ ní ayé ìgbà tí òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, èyí tí ìtàn sọ pé ìlú ti gba orúkọ, ṣì wà nínú igbó. Ìtàn náà dùn mọ́ mi nígbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo wá wo ohun tí ó yà. Ojú ewé kejì ni ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ojú ewé kẹta ni ó ti ń jà.

Mo ní, "Ta ni ó kí i?"

Ó ní ẹnikẹ́ni kò kí i, ogun ni ó bá.

Mo ní, "Wọn kò bi í pé ọmọ ta ni? Àlejò wọ ìlú, ó wọ ṣòkòtò jíǹsì, ẹnikẹ́ni kò fún un lómi, ẹnikẹ́ni kò bèèrè ilé rẹ̀? Yorùbá wo nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá ń ya omi àti ìkíni, ta ni yóò kà á? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, nítorí kò sọ ìsọkúsọ. Ó ní dátà ni ènìyàn fi ń kà á, bí ojú ewé mẹ́ta bá kọjá láìsí nǹkan, wọ́n yóò pa á dé. Ó ní Moore ti ní orúkọ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi apá mẹ́ta dè wá mọ́lẹ̀ ná. Òun kò ní orúkọ kankan. Ó tún ní ọ̀rẹ́ òun tí ń kun ún ti sọ pé òun kò lè máa kun òkúta lásán.

Mo gbà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń fà ni ó ní ìtumọ̀. Mo ti jókòó níbi ẹbọ tí ó gbà wá láti òwúrọ̀ di ọ̀sán nítorí pé ẹni tí ń darí rẹ̀ kò mọ ohun tí ó kàn, tí a sì ń pè é ní sùúrù. Àwọn kọ́míìkì kan wà bẹ́ẹ̀, tí olùyàwòrán kàn ń na ojú ewé kí owó lè pé. Àpótí mẹ́sàn-án Gibbons kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ óò rí i pé ìtàn já. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá nìyẹn, èmi kò wá ìfàgùn.

Ohun tí n kò gbà ni pé ìjà ni ó ń mú ènìyàn dúró. Àwọn bàbá wa ń ra ìwé Atọ́ka, tí ó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré Yorùbá lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé, ọ̀rọ̀ ilé ni ó sì kún inú rẹ̀: orogún, ìyàwó, ogún, ìlara. Wọ́n ń dúró de èyí tí ó kàn. Àìsùúrù kì í ṣe àbímọ́ni fún ọmọ wa. A kọ́ ọ ni, orí ohun tí a ń fún un kà ni ó sì ti kọ́ ọ.

A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyìí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, yóò pa ìwé rẹ̀ dé kí n tó wọlé. N kò bi í.

Ní ọjọ́ kan tí mo ra wàrà bọ̀, ó fi ojú ewé kan hàn mí láìsọ̀rọ̀. Òkúta náà ni. Àwọn ènìyàn tò sílẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ọkọ́ wọn, ọmọ Tankẹ yẹn sì dúró sẹ́yìn wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Àpótí márùn-ún ni. Nínú èkínní, ó wà lẹ́yìn pátápátá. Nínú èkejì, ẹnì kan ti lọ tirẹ̀ tán, ó sún síwájú. Nínú ẹ̀kẹta, ó sún síwájú. Nínú ẹ̀kẹrin, ó kàn án, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní irin kankan nínú. Nínú ìkarùn-ún, obìnrin kan na igbá omi sí i.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àpótí márààrún. Mo wò ó pẹ́. Mo ní ojú ewé wo nìyí nínú ìwé. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò fi sí i, pé ọ̀rẹ́ òun ṣì ń ráhùn.

Ó wá ní ohun kan ń dà òun láàmú. Bí obìnrin náà yóò bá sọ̀rọ̀ ní ojú ewé tí ó kàn, èdè wo ni yóò fi kí i? Ó ní Yorùbá ayé ìgbà náà kò lè jẹ́ èyí tí a ń sọ ní Tankẹ báyìí, pé ọmọ náà lè má gbọ́ ọ dáadáa. Àti pé bí obìnrin náà bá bèèrè pé ọmọ ta ni ọ́, orúkọ ta ni kí ọmọ náà dá, nígbà tí a kò tíì bí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀?

Mo jókòó tì í. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn bàbá ńlá wa padà sẹ́yìn, láti orí bàbá mi, kí a lè mọ ibi tí ìmọ̀ wa yóò dé. Orí ẹ̀kẹrin ni a ti dúró. Ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà, bóyá òun mọ ìkarùn-ún.